Àwa tí a ń wo Manchester United láti Mushin, kí ló wà lọ́wọ́ wa tí a lè fi bá àwọn Glazer jà?

ỌmọOlósha_Mushin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́jọ́ tí John Terry ti Chelsea yọ̀ ṣubú nínú òjò ní Moscow lọ́dún 2008, tí pẹ̀nárítì rẹ̀ ò wọlé, tí United sì gba ife Champions League. Èjìká bàbá mi ni mo wà, nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Olósha. Gbogbo ilé dìde lẹ́ẹ̀kan náà, orí mi gbá páànù. Ọjọ́ náà ni mo di ọmọ Manchester United. Bàbá mi ti kú báyìí, ẹgbẹ́ yìí sì wà lára ohun tó fi sílẹ̀ fún mi. Torí náà, ẹ má bi mí pé kí ló kàn mí níbẹ̀. Ó kàn mí.

Ẹni tí kò bá mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́: lọ́dún 2005, Malcolm Glazer, ará Amẹ́ríkà, ra ẹgbẹ́ wa ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 790 pọ́n-ùn. Ó yá èyí tó pọ̀ nínú owó náà, ó sì di gbèsè ọ̀hún ru ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ilé rẹ dúró yá owó, tó fi owó náà ra ilé ọ̀hún mọ́ ọ lọ́wọ́, tó wá ní kó o máa san èlé. Malcolm kú lọ́dún 2014, àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí a bá ro èlé, ìnáwó gbèsè àti èrè tí wọ́n ti pín láti 2005 pọ̀, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ní May 2024, lọ́jọ́ tí Arsenal wá, gbogbo ayé rí bí omi ṣe ń ya láti òrùlé Old Trafford, pápá wa, bí ẹni tú garawa.

Oṣù tó kọjá, àwa bíi 40 tí a wà nínú WhatsApp àdúgbò wa pinnu pé àwa náà á yan àwọn Glazer lódì. A ní a ò ní ra jẹ́sì tuntun, a ò sì ní lọ sí ilé ìwòran títí sáà yìí á fi parí. A ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Sunday kejì, mo gba iwájú ilé ìwòran tí à ń lọ kọjá. Màmá tó ni ibẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà sára pátákó bó ṣe máa ń ṣe. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọmọdé mẹ́ta péré ló wà nínú ilé, wọ́n jókòó síwájú. Màmá wà lẹ́yìn, ó ń fi àkísà nu bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí. Ó rí mi, ó ní, “Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: àwa tí a ò lè dé ẹnu ọ̀nà Old Trafford, kí la lè ṣe tó máa dun ẹni tó yẹ kó dùn, tí kò ní pa ẹni tí kò ṣẹ̀ wá lára?

ÌyáIléÌwòran_Ṣómólú

Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè. Èmi náà ní ilé ìwòran, ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ. Jẹ́ kí n ṣírò ẹ̀ fún ọ bí mo ṣe ń ṣírò ẹ̀ fún ara mi lálẹ́. Owó DStv, mo ti san án kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni kan ló wá, bí ọgọ́rùn-ún ló wá, iye kan náà ni. Epo jẹnẹrétọ̀, mo ti rà á sílẹ̀. Owó ilé ń bẹ lọ́rùn mi. Tẹ́ ò bá wá, èmi ni mo jẹ gbèsè yẹn. Ọmọ tó ń ta piọ́ wọ́tà lẹ́nu ọ̀nà mi náà á gbé e padà sílé. Alákàrà tó ń dáná sí ẹ̀gbẹ́ wa, ẹ̀wà tó ti lọ̀ ń bẹ nílẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wa tó mọ Glazer rí.

Mi ò bínú sí yín o. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ bá màmá yẹn, kẹ́ ẹ sì dọ̀bálẹ̀ fún un kẹ́ ẹ tó jókòó.

Pupa_Ìsàlẹ̀Èkó

Ọmọ Liverpool ni mí. Ọ̀tá la jẹ́ nínú pápá, ṣùgbọ́n lórí èyí, ọ̀kan náà ni wá, torí ohun tójú yín ń rí yìí ti ṣe wá rí. Tom Hicks àti George Gillett, ará Amẹ́ríkà bákan náà, ló ra ẹgbẹ́ wa lọ́dún 2007. Gbèsè ni wọ́n kó wọlé. Àwọn èèyàn wa dá ẹgbẹ́ Spirit of Shankly sílẹ̀ lọ́dún 2008 láti bá wọn jà.

Ẹ gbọ́ apá tó kàn yín jù. Nígbà tó di 2010, ọwọ́ gbèsè fẹ́ tẹ Hicks, ó ń wá ẹni tó máa yá a lówó tuntun kó lè dúró. Àwọn alátìlẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ímeèlì sí àwọn ilé owó tí wọ́n gbọ́ pé ó ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá yá ọkùnrin yìí lówó, àwa àti ẹ ò ní rẹ́. Kò sí ẹni tó ní kó o gbé Liverpool kó o tó lè kọ ímeèlì. Ní October 2010, lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti dé ilé ẹjọ́ ní London, wọ́n ta ẹgbẹ́ náà ní mílíọ̀nù 300 pọ́n-ùn, àwọn méjèèjì sì lọ.

Ti 2016 náà wà. Àwọn tó rà á lẹ́yìn wọn fẹ́ sọ tíkẹ́ẹ̀tì kan di 77 pọ́n-ùn. A ń na Sunderland 2-0 ní Anfield, pápá wa. Bó ṣe di ìṣẹ́jú 77, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dìde, wọ́n jáde. Sunderland dá méjèèjì padà, 2-2 ló parí sí. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn olówó fi tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì fi owó tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bó ṣe wà. Mò ń wò ó nílé ìwòran kan ní Adéníji Adélé lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan nínú wa náà dìde ní ìṣẹ́jú 77, ó jáde lọ dúró síta. Mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un.

Aláṣọ_Ìdúmọ̀tà

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ bó ti wù kó rí. Jẹ́sì ni mò ń tà. Èyí tó pọ̀ jù nínú jẹ́sì tí ẹ̀ ń wọ̀ ní Mushin, Ṣómólú àti Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ojúlówó. Ẹ mọ̀, èmi náà mọ̀. Ẹni tó rán an gba tiẹ̀, ẹni tó gbé e wọ̀lú gba tiẹ̀, èmi náà jẹ èrè díẹ̀. Kọ́bọ̀ kan ò dé Manchester. Torí náà tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ra jẹ́sì mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni ọjà ti dúró. Àwọn tó ń ra ojúlówó láti ilé ìtajà ẹgbẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn yẹn ni owó wọn ń dé ibẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ebute_Metta_dé_Salford

Àbúrò mi ní Mushin, mo kí ọ. Ìta Odò Street ní Ebute Metta ni wọ́n bí mi sí, Salford ni mo ń gbé báyìí. Mo wà níwájú Old Trafford ní ọjọ́ 2 May 2021, torí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Super League ló mú wa débẹ̀. Ní ọjọ́ 18 April, ẹgbẹ́ 12, tiwa wà níbẹ̀, kéde pé àwọn fẹ́ dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, èyí tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ò ní kúrò nínú rẹ̀ láé, bó ti wù kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù burúkú tó. Ọjọ́ méjì ló gbà kí àwọn mẹ́fà tó wá láti England sá kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ Chelsea dí ọ̀nà mọ́ bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, Petr Cech, aṣọ́lé wọn tẹ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ jáde wá bẹ̀ wọ́n. Ní tiwa, ìbínú ọdún 16 ló tú síta lọ́jọ́ yẹn. Èéfín aláwọ̀ ewé àti wúrà, àwọ̀ àtijọ́ ẹgbẹ́ wa, bo gbogbo ibẹ̀. Àwọn kan ráyè wọ inú pápá, àwọn mìíràn lọ dúró síwájú òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wà. Wọ́n ní láti sún bọ́ọ̀lù àwa àti Liverpool síwájú. Wọ́n gbá a ní 13 May, Liverpool na wá 4-2.

Ẹ sì wò ó, àwọn Glazer ṣì wà níbẹ̀. Ní February 2024, Jim Ratcliffe, olówó ará England, gba ìpín bíi 27.7 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn Glazer ló ṣì ni èyí tó pọ̀ jù. Nínú sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì dé 66 pọ́n-ùn, kò sí ẹ̀dínwó fún ọmọdé tàbí àgbàlagbà. Ìdí tí yíyàn wọ́n lódì fi le níbí ni pé tí mo bá fi ìjókòó mi sílẹ̀, ẹlòmíràn ti tò lẹ́yìn mi láti ìgbà pípẹ́. Owó kan náà ni wọ́n máa gbà.

Owó tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ gbàgbé ẹ̀. Èyí tó ń wá láti òkè òkun, ẹgbẹ́ 20 tó wà nínú líìgì ló ń pín in, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì dọ́gba. Tí gbogbo Èkó bá pa tẹlifíṣọ̀n lónìí, ìpín United ò ní yí padà lọ́la.

Ibi tí ọwọ́ yín ti dé ni àwọn onígbọ̀wọ́. Lẹ́yìn ìwọ́de May 2021 yẹn, àwa alátìlẹ́yìn ní a ò ní ra ọjà ẹnikẹ́ni tó bá bá Glazer dòwò pọ̀. Ilé iṣẹ́ The Hut Group ti fẹ́ gba aṣọ ìdánrawò ní àdéhùn tó tó mílíọ̀nù 200 pọ́n-ùn. Wọ́n fà sẹ́yìn. Ìyẹn nìkan ni mo rí tó dùn wọ́n wọ egungun. Kí lẹ rò pé ó mú onígbọ̀wọ́ san irú owó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe torí àwa tí a wà ní Salford. A ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó, ní Jakarta, ní Mumbai ni wọ́n ń rà. Ìgbàkígbà tó o bá tẹ bọ́tìnnì láti tẹ̀ lé ẹgbẹ́ náà lórí Instagram, wọ́n ti kà ọ́ mọ́ ọjà tí wọ́n ń tà. Ohun tó o ní lọ́wọ́ nìyẹn, kò kéré rárá.

Ajégúnlẹ̀_10

Èmi fi ẹgbẹ́ tí mò ń tẹ̀ lé sílẹ̀ lọ́dún 2021, mi ò sì padà mọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ò lè wá ẹgbẹ́ mìíràn?

ỌmọOlósha_Mushin

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Tí United bá ń gbá, tí mi ò sì wò ó, ohùn bàbá mi ni mò ń gbọ́.

Ebute_Metta_dé_Salford

Ajégúnlẹ̀, àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n wọn ò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́dún 2005 tí Glazer dé, wọ́n dá FC United of Manchester sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní ìbò kan, bí o lówó, bí o ò lówó. Líìgì ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Mo ti lọ wò wọ́n rí, mo rí àwọn tó jókòó nítòsí mi ní Old Trafford tẹ́lẹ̀, wọ́n ń kọrin bíi ti àtijọ́.

ỌmọArsenal_Yàbá

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín lórí ohun kan, torí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Ní 23 April 2021, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tiwa dúró síwájú Emirates, pápá wa, wọ́n ní kí Kroenke tó ni ẹgbẹ́ wa lọ. Everton tún nà wá 1-0 lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwa tí a wà ní Yàbá kọ ọ́ sára pátákó, a ya fọ́tò, a fi ránṣẹ́ káàkiri. Kroenke ní òun ò tà. Lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í borí. A ṣe ipò kejì lọ́dún 2023, 2024 àti 2025. Pátákó tí a kọ, mi ò mọ ibi tó wọlé sí mọ́. Kò sí ẹni tó dá wa lóhùn lórí ohun tí a bèèrè, inú wa kàn dùn.

Ẹ̀yin náà, ẹ wo ìtàn yín. 2007, 2008, 2009, 2011, 2013, gbogbo ife líìgì yìí, abẹ́ Glazer lẹ ti gbà á. Lọ́dún 2010 tí gbogbo Old Trafford ń wọ ìborùn aláwọ̀ ewé àti wúrà, àwọ̀ Newton Heath tí ẹgbẹ́ yín ń jẹ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1878, David Beckham tó bá Milan wá gbé ọ̀kan kọ́rùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ gba ife, ìborùn sì dín kù. Olówó tó mọṣẹ́ mọ̀ pé góòlù mẹ́ta á pa ẹnu yín mọ́. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè sílẹ̀ báyìí, nígbà tí inú ṣì ń bí yín, kẹ́ ẹ lè rí i kà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún gba ife.

Lọ́yà_Surulere

Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀. Ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ ń kọ. Ní England, àwọn alátìlẹ́yìn Blackpool bá ìdílé Oyston tó ni ẹgbẹ́ náà jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ṣe é débi pé pápá ìṣeré Bloomfield Road ń dá páropáro, wọ́n á dúró síta máa kọrin nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ nínú. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn kọ ohun tí wọn ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn Oyston pè wọ́n lẹ́jọ́, àwọn kan sì sanwó ìtanràn. Ní Nàìjíríà níbí, òfin Cybercrime ti 2015 wà, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2024. “A fẹ́ kẹ́ ẹ ta ẹgbẹ́ wa” kò lẹ́ṣẹ̀ nínú. Pípe ẹnì kan ní olè láìní ẹ̀rí, ìyẹn lẹ́jọ́ nínú. Ẹ má sì dí ọ̀nà, ẹ má wọ́ lọ síwájú ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn náà, torí ó máa ń mú omi wá sójú mi. Ìwọ́de wọn nìkan kọ́ ló lé Owen Oyston, olórí ìdílé náà. Ẹjọ́ tí oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é ló jẹ, ilé ẹjọ́ ní kó san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 31 pọ́n-ùn, kò san án tán, wọ́n gba ẹgbẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní February 2019. Ní 9 March, àwọn tí wọ́n ti dúró síta fún ọ̀pọ̀ ọdún padà wọlé, wọ́n lé ní 15,000. Àwọn bàbá mú ọmọ tí kò tíì wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà, 2-2 ló parí sí, kò sì sí ẹni tó bìkítà. Ohun tí ìwọ́de ṣe ni pé ó pa wọ́n mọ́ pọ̀ títí ọjọ́ fi pé.

Jámánì ló ti tọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìpìlẹ̀. Láti 1998, òfin wọn ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní ìbò tó lé ní ìdajì, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Nígbà tí líìgì wọn fẹ́ ta apá kan nínú owó tó ń wọlé fún olówó láti ìta, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sínú pápá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní February 2024, líìgì pa ètò náà tì.

BàbáOníkàn

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan sọ tiẹ̀.

Campos ni ilé wa. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí Stationery Stores, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa ní Èkó, gba ife Challenge Cup ti Nàìjíríà lọ́dún 1967. A tún gbà á lọ́dún 1968. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ sí Olympics ní Mexico lọ́dún náà, agbábọ́ọ̀lù Stores ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí Stores bá ń gbá ní Oníkàn, ẹni tí kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì á gun igi. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Sandgrouse á tètè palẹ̀ mọ́. Olóyè Israel Adebajo, oníṣòwò ohun èlò ìkọ̀wé, ló ni ẹgbẹ́ náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ó kú lọ́dún 1969.

Ẹgbẹ́ ò kú tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A gba ife náà lọ́dún 1982, a gbà á lọ́dún 1990, a gba líìgì lọ́dún 1992. Mo wà níbẹ̀, ohùn mi há fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà ta ló ni ín gbóná sí i. Ẹjọ́ ń bẹ nílé ẹjọ́, ẹgbẹ́ ń jó rẹ̀yìn, ó já bọ́, títí ó fi di pé a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ àfi tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ jí i dìde.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí. Àwa tí a kún Oníkàn, tí a ń fi owó oúnjẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, lọ́jọ́ tí wọ́n ń jà sí i, kò sí ẹni tó pè wá. A ò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Lórí ìwé, a kì í ṣe nǹkan kan. A sunkún, ilé ẹjọ́ kì í ka ẹkún. Bí a bá ti kó ara wa jọ nígbà tí ọ̀nà ṣì là, tí a forúkọ sílẹ̀, tí a ń dá owó díẹ̀díẹ̀, tí a lè sọ pé àwa 5,000 rèé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún wa. A kò ṣe é. Ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe: ẹ kúrò ní WhatsApp, ẹ di ẹgbẹ́ tó ní orúkọ, ìwé àti akọ̀wé. Kódà bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí onígbọ̀wọ́, orúkọ ẹgbẹ́ ló ń tẹ̀wọ̀n ju ti ẹnì kan lọ.

Ìkejì, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tẹ́ ò bá fẹ́ wo United, ẹ má jókòó sílé. Pápá Oníkàn ṣì wà, wọ́n ti tún un ṣe, Mobolaji Johnson Arena ni wọ́n ń pè é báyìí. Bọ́ọ̀lù líìgì tiwa ń lọ níbẹ̀, ń lọ ní Agége. Àwọn ọmọ tó ń gbá a, ẹ mọ ilé ìyá wọn. Níbẹ̀, olówó ẹgbẹ́ lè gbọ́ ohùn yín láti ibi tó jókòó sí.

ÌyáIléÌwòran_Ṣómólú

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọkọ mi tó ti dolóògbé, ọmọ Stores ni. Ẹ rán mi létí ẹ̀.

ỌmọOlósha_Mushin

Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ka apá kan fún àwọn tó kù. Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀gbọ́n Salford, màmá, ẹ̀yin ọmọ Liverpool àti Arsenal, mo dúpẹ́.

Mo lọ bá màmá wa lánàá. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, aṣọ mi á dọ̀tí. A máa padà síbẹ̀ ní Sunday, gbogbo wa. Àwa 31 ti kúrò lẹ́yìn ẹgbẹ́ lórí Instagram àti Facebook, a sì ti pa ápù wọn rẹ́. Ọmọbìnrin kan nínú wa tó jẹ́ akọ̀wé níbi iṣẹ́ ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn onígbọ̀wọ́, Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wò ó kó tó lọ. Ohun mẹ́ta péré la bèèrè nínú rẹ̀, a sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwòran bí ọmọ Yàbá ṣe wí. Bàbá, ẹ sọ Saturday tẹ́ ẹ bá máa wà ní Oníkàn, a máa pàdé yín lẹ́nu géètì.

Ó ku ìborùn. A fẹ́ wọ aláwọ̀ ewé àti wúrà, kí a ya fọ́tò, kí a fi sábẹ́ gbogbo ohun tí onígbọ̀wọ́ bá gbé jáde. Ọ̀gá Aláṣọ, ṣé ẹ lè bá wa wá aṣọ ẹ̀? A fẹ́ kó jẹ́ télọ̀ Mushin ló máa rán an.

Aláṣọ_Ìdúmọ̀tà

Aláwọ̀ ewé wà nílẹ̀, yàrdì tó pọ̀. Wúrà ló kù díẹ̀, mo máa gbà á lọ́wọ́ ẹnìkejì mi ní Balógun lọ́la. Mi ò ní jẹ èrè lórí ẹ̀. Ẹ̀yin mélòó?

ỌmọOlósha_Mushin

Ọlọ́run á bùkún yín, ọ̀gá mi. Èèyàn 37 ló ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ bá wa ka ti màmá mọ́ ọn, ó ní òun fẹ́ kọ́ ọ̀kan sókè pátákó tí òun ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ.